Orí Àrọ̀ Tó Jẹ́ Ti Ọkọ Yéwándé

Bí ẹ bá béèrè Ọlábọ̀dé aránṣọ lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò wa ní Àkúrẹ́, lójú ọ̀nà Oda, wọ́n á sọ fún yín pé owú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tó fà á, wọn kò sì mọ ibi tó parí sí. Èmi mọ̀ ọ́n. Ògiri kan ṣoṣo ló pín yàrá mi àti tirẹ̀ níyà, ọmọ Oǹdó ni àwa méjèèjì, mo sì bá a dé etí omi níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti yanjú. Èmi tí mò ń kọ èyí kò jókòó ní kíláàsì kankan rí. Ara bébà tí wọ́n fi ń di àkàrà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, mo sì kà á débi pé àwọn tísà ń wá fi ọ̀rọ̀ lọ̀ mí. Nítorí náà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ lẹ bọ́ sí.

Ọlábọ̀dé kì í wo ojú ènìyàn kó tó wo èjìká rẹ̀. Ó lè dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó wo ẹni tó ń kọjá, kó sì mọ iye ọ̀pá aṣọ tí yóò tó o. Ìgbà kan wà tó rán agbádá fún ọkùnrin kan tó kàn rí lórí ọ̀kadà tó ń sáré lọ. Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá wọ̀ ọ́, ó bá a mu bí èèpo ṣe bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ mu. Mo wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Yéwándé, ọmọ Òkèlísà ní Oǹdó, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni. Bí aboyún bá ń rọbí tó bá gbọ́ ohùn Yéwándé lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọmọ inú rẹ̀ á ti máa palẹ̀ mọ́ láti jáde. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ìṣòro Ọlábọ̀dé ni pé ohun tó bá fẹ́ràn, kì í fẹ́ kí ojú ẹlòmíràn kàn án.

Nígbà tí wọ́n gé Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ Oǹdó wa, tó di ìpínlẹ̀ tuntun, àwọn òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ Èkìtì di ẹrù wọn, wọ́n lọ sí Adó. Àga ṣófo káàkiri. Wọ́n wá ń fi àwọn tó ṣẹ́ kù dí àyè, bí ìgbà tí a fi àkísà lẹ ṣòkòtò. Bí wọ́n ṣe gbé Yéwándé kúrò ní Àkúrẹ́ lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìgbọ́kọ̀dá nìyẹn, létí omi, níbi tí ilẹ̀ ti ń múra àtiparí. Ọjọ́ Ajé ló ń lọ, ọjọ́ Ẹtì ló ń bọ̀. Ọkọ̀ kan náà ló ń wọ̀, ọkọ̀ Jíbọ́lá, tó ń gba Oǹdó, Òrè àti Òkìtìpupa kọjá. Àwọn tó ń wọ̀ ọ́ kì í yí padà, débi pé wọ́n ti di mọ̀lẹ́bí.

Ẹnu ìyàwó gan-an ni owú kọ́kọ́ gbà wọlé ọkọ. Lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, ẹkún ni Yéwándé sun wálé. Ó ní omi ibẹ̀ níyọ̀, ẹ̀fọn ibẹ̀ kò gbọ́ bẹ̀bẹ̀. Inú Ọlábọ̀dé dùn. Ó gún iyán fúnra rẹ̀, mo gbọ́ ìró odó. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe díẹ̀, ẹkún tán, ẹ̀rín ló kù. Ó ń sọ nípa àwọn ọmọ tó mọ ọkọ̀ wà kí wọ́n tó mọ ìrìn rìn dáadáa, àti nípa ilé tí wọ́n gbé lé orí òpó tí omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Ó sọ nípa obìnrin kan tó ń jẹ́ Adépéjú, tó ń se oúnjẹ fún àwọn èrò ọkọ̀, tó sì máa ń bú ẹja tó bá ta epo sí i lára. Orúkọ kan wá ń yọ nínú gbogbo ìtàn náà bí egungun ẹja: Akínsànyà. Akínsànyà ní báyìí, Akínsànyà fi tọ̀hún hàn wá.

“Ta ni Akínsànyà?” Ọlábọ̀dé béèrè.

“Ẹlẹ́ja tí a jọ ń wọkọ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó máa ń gbé ẹja wá sí Àkúrẹ́, á ra iṣu padà.”

Gbólóhùn àárín yẹn ni kò yẹ kó sọ. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti ń jókòó lóde, ọ̀rọ̀ olómi ni Ọlábọ̀dé ń bá mi sọ. Ó ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé àwọn ará etí òkun lẹ́nu dídùn. Mo sọ fún un pé èmi ti wo òkun lójú rí kí wọ́n tó bí i, mo sì ti rí ẹja tó ń wúkọ́ bí arúgbó, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tù ú nínú.

Yéwándé tún wá ń gbé oúnjẹ ibẹ̀ wálé. Ó gbé pupuru dé, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ, tí wọ́n ṣù bí bọ́ọ̀lù, tí wọ́n fi èéfín gbẹ títí ara rẹ̀ fi dúdú. Ó ha èèpo dúdú náà kúrò, ó gún un, ó kù ú, ó rò ó lórí iná, ó gbé e ka iwájú ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ márúgbó, tí ewé sọ di dúdú bí aró. Ọlábọ̀dé ní òun ọmọ Oǹdó, oníyán láti inú oyún, òun kò ní jẹ ohun tí iná ti kọ́kọ́ jẹ. Ó gbààwẹ̀ sùn.

Ìgbà náà ni orí ẹja dé.

Orí àrọ̀ ni, gbígbẹ, ó tóbi tó ìdérí maṣíìnì ìránṣọ. Yéwándé sè é sínú ọbẹ̀, orí nìkan, kò sí ara. Ó kúnlẹ̀, ó gbé àwo náà kalẹ̀, ó ní, “Tiyín nìyí, Bàbá Modúpẹ́.” Modúpẹ́ ni orúkọ ọmọ wọn. Ó ní ẹ̀yin tó wà lórí ilẹ̀ náà lẹ́tọ̀ọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ wẹ ọmọ.

Kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe dun ọkùnrin náà, ẹ ní láti mọ ilé tó ti wá. Ní agbo ilé wọn ní Oǹdó, bí ẹja bá wọ ìkòkò, àárín rẹ̀ ni ti bàbá, ìrù ni ti ìyá, orí sì ni ti ọmọ tó lọ ata. Kò sí ọkọ tí wọ́n ń bu orí ẹja fún, àfi èyí tí ìyàwó rẹ̀ ti ń dágbére fún lábẹ́lẹ̀. Ọlábọ̀dé wo ẹja náà. Ẹja náà wò ó. Ó gbé àwo, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ̀ mí wá.

“Bàbá Olúwọlé, ẹ gbà mí o. Ẹja tó ní irú orí yìí, ara rẹ̀ á gùn tó ìbùsùn. Ta ló ń jẹ ara?”

Mo ní kó bi ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun kò ní bi í. Owú kì í béèrè ọ̀rọ̀. Ilé ló ti máa ń gbé ìdáhùn tirẹ̀ wá. Mo ní ó dáa, kó gbé àwo náà sílẹ̀ kí n fi ronú. Mo fi ronú dáadáa. Ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọ̀rá tó sápamọ́ sẹ́yìn ojú, ohun kan bí ọpọlọ tí mo fi egungun yọ jáde: mo ti jẹun lọ́dọ̀ ọba rí, n kò jẹ irú rẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ti ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fún Ọlábọ̀dé láìwọ gíláàsì.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di àṣà. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni orí ń wá láti etí omi, tí ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé mi. Yéwándé á rí àwo tó mọ́ fínnífínní, inú rẹ̀ á dùn, á sì gbé èyí tó tún tóbi ju ìyẹn lọ wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí orí ṣe ń tóbi sí i ni ara tí Ọlábọ̀dé kò rí ń gùn sí i lọ́kàn rẹ̀.

Téèpù ló wá ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀, Yéwándé ní kí ọkọ òun rán aṣọ fún òun. Ọlábọ̀dé fi téèpù yí i nídìí, bó ti ń ṣe láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, téèpù náà kò dé ibi tó máa ń dé. Ó tún un ṣe. Kò dé.

“O ti sanra,” ó wí.

“Oúnjẹ Adépéjú ni,” Yéwándé dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ ò tíì rí ibi tí Akínsànyà bá ju ẹja tútù sínú márúgbó. Ènìyàn á gbàgbé orúkọ bàbá rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni Ọlábọ̀dé dì mú. Lọ́jọ́ kejì, ó ránṣẹ́ sí bàbá Yéwándé, Bàbá Adélaní, ní Òkèlísà, pé kí wọ́n pe ẹbí jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òun ní ọ̀rọ̀ kan tí òun fẹ́ gbé wá síwájú wọn. Kò sí àgbà kan ní Oǹdó tí kò mọ irú ọ̀rọ̀ tí ọkọ ń gbé wá bó bá ti ránṣẹ́ báyẹn. Ó wá bá mi pé kí n bá òun lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá, kí ojú àgbà bá òun rí i. Bí òun bá rí ohun tí òun ń rò, bí a bá ń bọ̀, òun á já Yéwándé sí ilé bàbá rẹ̀, òun nìkan ni yóò padà sí Àkúrẹ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì la wọ ọkọ̀ Jíbọ́lá bó ti fẹ́ lọ gbé àwọn èrò rẹ̀ bọ̀. A kò sọ irú ẹni tí a jẹ́. Nígbà tí a dé Oǹdó, Ọlábọ̀dé tẹ orí sẹ́sẹ̀ títí a fi kọjá Òkèlísà, bí ẹni pé bàbá ìyàwó rẹ̀ wà ní ojú fèrèsé. Lẹ́yìn Òkìtìpupa, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, atẹ́gùn ń gbé òórùn èéfín àti ẹja wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìlú náà fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ dó àti bí odò rẹ̀ ṣe jìn tó. Jíbọ́lá wo ẹ̀yìn, ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí ni?” Mo ní mo ti ń lọ síbẹ̀ kí omi tó débẹ̀. Ó ní òun gbà.

Jíbọ́lá kì í jẹ́ kí ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òun padà pẹ̀lú ebi. Ó kó wa lọ tààrà sí àtíbàbà Adépéjú, létí ibi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Ọlábọ̀dé ní ẹja la wá rà. Ọkùnrin kan dìde nídìí agbada, ó ń bọ̀ wá kí wa, wọ́n sì pè é ní Akínsànyà. Ọlábọ̀dé ti ń retí arúgbó kan tí ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́ lára. Ọkùnrin gíga ni, ó dúdú, ó ń dán. Ọlábọ̀dé wo èjìká rẹ̀. Ó tún un wò. Ó wá sọ sí mi létí, bí ẹni tó ń túfọ̀:

“Bàbá Olúwọlé, èjìká rẹ̀ dọ́gba.”

Ẹ ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ni èjìká rẹ̀ kan ga ju ìkejì lọ. Ọlábọ̀dé fúnra rẹ̀, tòsì rẹ̀ ti rẹlẹ̀ nítorí maṣíìnì. Láti ìgbà tó ti ń ránṣọ, kò rí èjìká tó dọ́gba rí, àfi lára ère tí wọ́n fi ń pàtẹ aṣọ. Ó jókòó wọ̀ọ̀.

Wọ́n gbé pupuru àti ọbẹ̀ ẹja tútù ka iwájú wa. Ọlábọ̀dé ti búra pé òun kò ní jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, ó sì ń bu òkèlè bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Akínsànyà jókòó tì í, ó fi bí wọ́n ṣe ń gé e hàn án, kó yí i nínú ọbẹ̀, kó má rún un lẹ́nu. Ọlábọ̀dé gbé e mì. Ó tún bu òmíràn. Mo rí omi lójú rẹ̀. Ó dùn, ibi tó ti burú jù nìyẹn. Bó ti ń jẹ ẹ́ ni Akínsànyà ń ròyìn “Nọ́ọ̀sì wa” fún àwa àlejò: bó ṣe wọ ọkọ̀ kékeré nínú ìjì lọ gbẹ̀bí ní abúlé kan tí kò sí ọ̀nà ilẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọmọ náà ti ń jẹ́ Yéwándé báyìí. Ọlábọ̀dé ń rún egungun mọ́ ẹran.

Lẹ́yìn náà ni Adépéjú sọ àrọ̀ kan kalẹ̀ láti orí àjà èéfín. Kí n má purọ́ fún yín, ó gùn ju ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Àwọn èrò ọkọ̀ ló jọ máa ń rà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó gé e, ó pín in sínú ewé: ti Jíbọ́lá, ti Akínsànyà, ti àwọn tísà inú ọkọ̀ tí wọn kò tíì dé, tirẹ̀ náà. Orí ló kù lórí àtẹ. Àgbà ni mí, orí yìí sì ti mọ ilé mi. Mo nawọ́ sí i. Akínsànyà dì mí lọ́rùn ọwọ́, jẹ́jẹ́.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ó ní ẹni tó ni ín.”

“Ta ló ni ín?” Ọlábọ̀dé béèrè. Ohùn rẹ̀ gé bí sísọ́ọ̀sì.

“Ọkọ Nọ́ọ̀sì.”

Adépéjú rẹ́rìn-ín sí ojú Akínsànyà. Ó ní kí a wo bó ṣe ń dá itọ́ mì. Akínsànyà ní kí Adépéjú, ẹ̀gbọ́n òun, fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Ó wá yíjú sí wa.

“Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ará ọkọ̀ yòókù ló ń jẹ ara ẹja. Orí ni ti ẹni tí ọlá rẹ̀ ga jù níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ Jíbọ́lá, èmi ni wọ́n ti ń fún tẹ́lẹ̀, èmi ni mo dàgbà jù. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní Àkúrẹ́ tí a kò rí rí, tó yọ̀ǹda ìyàwó rẹ̀ kó máa wá gba ọmọ wa sílẹ̀, tí òun ń dá sùn láti Ajé dé Ẹtì. Ìyàwó tèmi, kò sí agbẹ̀bí níbí nígbà tirẹ̀. Kí la fẹ́ fi san án fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀? A ní orí á máa jẹ́ tirẹ̀. Mo ń jowú rẹ̀, n ò ní tàn yín. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń jowú ọkùnrin náà.”

 Òkèlè gbẹ lọ́wọ́ Ọlábọ̀dé. Yéwándé ló wọlé, àpò rẹ̀ ní èjìká, ó dúró.

“Bàbá Modúpẹ́?”

Gbogbo àtíbàbà dìde. Wọ́n ń bọ Ọlábọ̀dé lọ́wọ́, Jíbọ́lá ń bú u pé kí ló dé tí kò sọ, Adépéjú ń pè é ní ọkọ wa. Akínsànyà fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ bi í. “Ọ̀gá mi, ṣé ó máa ń dùn?”

Ọlábọ̀dé wo ojú mi.  Ta ló kù tó lè dáhùn?

“Ó máa ń dùn,” mo wí. “Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ló dùn jù.”

Yéwándé wò mí. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi, tó ń dán, ó wo ti ọkọ rẹ̀, tó ti jìn wọnú. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ ẹni tó jẹun àti ẹni tí kò jẹ.

“Mo ṣe bí ẹ̀yin lẹ ń jẹ ẹ́,” ó wí fún ọkọ rẹ̀.

“Mo ṣe bí ẹnì kan ló ń jẹ ara.”

“Gbogbo ọkọ̀ ló ń jẹ ara. Èmi náà ń bá wọn jẹ ẹ́, ohun tí kò jẹ́ kí téèpù yín dé mọ́ nìyẹn.”

Nígbà tí a ń bọ̀, Ọlábọ̀dé gbé orí náà sórí itan nínú apẹ̀rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e. Ó ń rẹ́rìn-ín sí fèrèsé. A ti kọjá Òrè kó tó rántí. Ó yí sí mi, ojú rẹ̀ ti funfun. “Mo ti ránṣẹ́ sí Òkèlísà.”

Ìrọ̀lẹ́ la dé Oǹdó. Ọlábọ̀dé ní a máa yà kí Bàbá. Yéwándé ní ó dáa, ṣùgbọ́n nígbà tó rí àga tí wọ́n tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó rí àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ tí ojú wọn ti le, tí ojú ìyá rẹ̀ sì ti pọ́n, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ọlábọ̀dé dọ̀bálẹ̀. Bàbá Adélaní ní kó dìde. Ó ní àwọn gbọ́ iṣẹ́ tó rán, kó sọ ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ sọ, àwọn ti jókòó.

Mo ti rí Ọlábọ̀dé níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, apẹ̀rẹ̀ ló fà mọ́ra. Ó ṣí i, ó gbé orí àrọ̀ náà ka orí tábìlì.

“Bàbá, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá nìyí.”

Bàbá Adélaní wò ó pẹ́. Ọmọ Oǹdó lòun náà. “Orí ni?”

“Orí ni, sà.”

“Ara rẹ̀ ńkọ́? O pe ẹbí mi jọ, o jẹ ara, o wá gbé orí fún mi?”

N kò lè mú ẹ̀rín mọ́ra. Mo dà á pọ̀ mọ́ ikọ́. Ọlábọ̀dé kò rẹ́rìn-ín. Ó súnmọ́ bàbá ìyàwó rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja náà, ó yọ ẹran rẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó ní létí omi, orí ni ti ẹni tó bá yọ̀ǹda ìyàwó rẹ̀ fún iṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Wọ́n ní ti òun ni. Ṣùgbọ́n kí òun tó yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn, ẹnì kan ti kọ́kọ́ yọ̀ǹda rẹ̀ fún òun.

Arúgbó náà jẹ ẹ́. Ó tún na ọwọ́. Ìyá Yéwándé gbé ojú kúrò nílẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó wọlé wá bu omi fún ọkọ rẹ̀. Yéwándé bu omi wá. Bó ti ń gbé e fún un, ó bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé iṣẹ́ wo ló rán tí wọ́n fi to àga. Ó gba omi, ó mu ún tán, ó ní kó bu òmíràn wá. Yéwándé kò bi í mọ́.

Ẹ má rò pé owú tán lára Ọlábọ̀dé. Ó rán ẹ̀wù kan fún Akínsànyà lẹ́yìn ìyẹn, láìwọ̀n ọ́n. Èjìká rẹ̀ gún régé, ṣùgbọ́n ó dín gígùn rẹ̀ kù díẹ̀, ó ní aṣọ ló kúrú. Èmi ni mo mọ̀ pé aṣọ kì í kúrú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ti èmi, kò sí àwo tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé mi mọ́. Bí ọjọ́ Ẹtì bá ti pé, mo máa ń gbọ́ ọ láti inú ògiri, bó ṣe ń fa egungun mu, tí Yéwándé ń sọ fún un pé kó má gbàgbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún yẹn. Mo wúkọ́ sí ògiri náà nígbà mìíràn. Egungun mìíràn ni wọ́n á tún fà. Gíláàsì mi ti padà sójú. Òun ni mo fi kọ ìwé yìí.